StarCraft Lẹ́nu Àwọn Tó Ń Ta Á

StarCraft jẹ́ géèmù ogun orí kọ̀ǹpútà tí Blizzard Entertainment, iléeṣẹ́ kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1998. Ìtàn inú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ iwájú, láàárín àwọn ìràwọ̀ tó jìnnà réré sí ayé, níbi tí ẹ̀yà mẹ́ta ti ń du ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Nínú irú géèmù yìí, kò sí pé kí ẹnì kan ta tirẹ̀ tán kí ẹnìkejì tó ta. Gbogbo ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ ló ń ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sì dúró ronú pẹ́, wọ́n á ti máa jó ilé rẹ̀ kó tó ronú tán. Ní ìparí ọdún kan náà ni àfikún rẹ̀, Brood War, jáde, àwọn méjèèjì pọ̀ ni àwọn onígéèmù sì máa ń ní lọ́kàn bí wọ́n bá dárúkọ StarCraft. Òun ni géèmù kọ̀ǹpútà tó tà jù lọ́dún 1998. Nígbà tó fi máa di ọdún 2009, ó ti tà ju mílíọ̀nù 11 lọ káàkiri ayé.

Géèmù tí èrò tó pọ̀ tó báyìí ta fún ohun tó lé ní ogún ọdún kò lè ṣàìní ẹjọ́ lọ́rùn. Àwọn kan ní kò sí irú rẹ̀ rí, àwọn mìíràn ní ó ń ni ènìyàn lára, bẹ́ẹ̀ ni àwọn kan wà tí kò fẹ́ràn ogun inú rẹ̀ rárá, tó jẹ́ pé àwọn nǹkan mìíràn tí a lè fi ṣe ni wọ́n ń bá kiri. Ẹni tó bá tú ọ̀rọ̀ wọn wò yóò rí i pé ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù kọ́ ni bí géèmù náà ṣe rí lójú tàbí bí ìtàn rẹ̀ ṣe dùn tó. Ohun tí wọ́n ń bá ara wọn fà láti ọjọ́ yìí wá ni bí ó ṣe ṣòro láti darí: ṣé àbùkù ni ìṣòro yẹn, àbí òun gan-an ni iyì rẹ̀?

Òṣìṣẹ́ mẹ́rin péré àti ilé kan ṣoṣo ni kálukú fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yìí ni yóò máa wa òkúta aláwọ̀ búlúù àti gáàsì inú ilẹ̀ wálé. Ohun tí wọ́n bá rí kó wọlé ni wọ́n fi ń kọ́ ilé, òun náà ni wọ́n fi ń dá ọmọ ogun sílẹ̀. Òkùnkùn bo gbogbo ilẹ̀ yòókù, ẹni tí kò bá rán alamí jáde kò lè mọ ohun tí ọ̀tá ń sè. Ẹni tó bá da owó rẹ̀ sórí òṣìṣẹ́ yóò lówó lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n ó lè kú lónìí. Ẹni tó bá da tirẹ̀ sórí ọmọ ogun lè ṣẹ́gun lónìí, bí kò bá sì ṣẹ́gun, ebi ni yóò pa á. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, ọ̀rọ̀ ti máa ń bọ́ sí ibi tí yóò bọ́ sí.

Nígbà tí Blizzard kọ́kọ́ pàtẹ rẹ̀ níbi ìpàtẹ géèmù E3 lọ́dún 1996, ojú kò gbà á. Àwọn tó rí i sọ pé Warcraft II, géèmù tí iléeṣẹ́ náà ṣe lọ́dún 1995, ni wọ́n kàn gbé lọ sójú òfuurufú. Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn tó ń ṣe é débi pé wọ́n padà sídìí iṣẹ́, wọ́n sì tún púpọ̀ rẹ̀ kọ láti ìpìlẹ̀. Nígbà tó wá jáde ní 1998, ẹ̀sùn mìíràn ló bá pàdé. Total Annihilation, tí iléeṣẹ́ Cavedog gbé jáde lọ́dún 1997, ti fi ọmọ ogun àti òkè tó ní ìbú, òró àti gíga han àwọn ènìyàn, ọmọ ogun inú rẹ̀ sì ń rọ́ bí eéṣú. Àwòrán pẹlẹbẹ ni ti StarCraft, àwọ̀ 256 péré ló sì ní. Àwọn tó ń gbè sẹ́yìn Total Annihilation kò tíì dákẹ́ títí di òní: wọ́n ní ogun tòótọ́ kò gbọ́dọ̀ dà bí ìjà àdúgbò. Ìdáhùn àwọn ará StarCraft ni pé nínú tiwọn, kò sí ọmọ ogun tí ojú kò lè dá mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ikú ẹnì kan ṣoṣo lè yí ogun padà. Lórí èyí, ọjọ́ ti dá ẹjọ́ fún wọn. Àwòrán pẹlẹbẹ yẹn ṣì ṣeé wò, bẹ́ẹ̀ sì ni kò wúwo fún ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ géèmù tó fi àwòrán onígíga yangàn lọ́dún náà ni ojú kò fẹ́ wò mọ́.

Ohun tí gbogbo ènìyàn fẹnu kò lé lórí ni ẹ̀yà mẹ́ta náà. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò mẹ́fà-mẹ́fà àti ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan ni ẹni méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ. Irú ìdọ́gba bẹ́ẹ̀ ni àwọn géèmù ogun ìṣáájú ń lépa. Nínú Warcraft II, ohun tí ẹ̀gbẹ́ kan ní ni ẹ̀gbẹ́ kejì ní, àfi orúkọ, àwòrán àti oògùn díẹ̀ tó yàtọ̀. StarCraft fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ọ̀nà ìgbé-ayé tirẹ̀, ó sì tún gbìyànjú kí agbára wọn dọ́gba.

Terran ni ọmọ ènìyàn. Òṣìṣẹ́ wọn gbọ́dọ̀ dúró ti ilé tó ń kọ́ títí yóò fi parí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ilé wọn lè gbéra nílẹ̀ kó fò lọ síbòmíràn. Zerg jọ kòkòrò. Òṣìṣẹ́ wọn tó bá fẹ́ kọ́lé ni yóò fúnra rẹ̀ di ilé náà, ìyẹn ni pé ilé kọ̀ọ̀kan ń jẹ òṣìṣẹ́ kan. Egbò ara wọn a sì máa jinná láìsí ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Protoss ni ẹ̀yà àtayébáyé tí ìmọ̀ wọn ga ju ti ènìyàn lọ. Òṣìṣẹ́ wọn kàn ń pe ilé wá ni, á sì bá tirẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n bí ọ̀tá bá wó òpó tó ń fún ilé náà lágbára, ilé ọ̀hún á kàn dúró bí òkú ni. Òkúta 50 ni Terran fi ń ra Marine kan tó ń yìnbọn láti òkèèrè. Iye kan náà fún Zerg ní Zergling méjì tó ń sáré buni jẹ. Òkúta 100 ni Protoss fi ń ra Zealot kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n Marine máa ń kú bí ìyà tó jẹ ẹ́ bá pé 40, nígbà tí Zealot lè gba 160 kó tó ṣubú. Nítorí náà, kò sí ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ rọrùn. Zergling mẹ́rin àti Zealot kan, èwo ló lágbára jù? Ó di bí ilẹ̀ ṣe rí, bí ẹni tó ń darí wọn ṣe yára tó, àti bóyá wọ́n rí àyè yí i ká.

Lórí èwo ló lágbára jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kálukú ń gbè sẹ́yìn tirẹ̀. Àwọn onígéèmù gbà ní gbogbogbòò pé Terran fi díẹ̀ ju Zerg lọ, Zerg fi díẹ̀ ju Protoss, Protoss náà sì fi díẹ̀ ju Terran. Wọ́n tún gbà pé Protoss ló rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́, àti pé Terran ló ń béèrè ọwọ́ yíyá jù. Oṣù Karùn-ún ọdún 2001 ni Blizzard fọwọ́ kan agbára àwọn ẹ̀yà náà gbẹ̀yìn, nínú àtúnṣe tí wọ́n pè ní 1.08. Àtìgbà náà, bí ẹ̀yà kan bá ń jẹ gàba, àwọn tó ń ya máàpù ló ń tún un ṣe: wọn a sún òkúta jìnnà díẹ̀, wọn a dín ẹnu ọ̀nà kù, wọn a fi òkè kan kún un. Ọwọ́ àwọn tó ń ta géèmù ni ìdọ́gba rẹ̀ wà láti ìgbà yẹn, kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é mọ́, ohun tí àwọn ọ̀jáfáfá sì máa ń yìn jù nìyí.

Nípa ìtàn inú rẹ̀, àríyànjiyàn kò pọ̀. Jim Raynor jẹ́ agbófinró ìletò kan tó di ọlọ̀tẹ̀. Sarah Kerrigan jẹ́ jagunjagun obìnrin tí ọ̀gá rẹ̀, Arcturus Mengsk, fi sílẹ̀ fún àwọn Zerg láàárín ogun, tí àwọn Zerg sì sọ di ọ̀kan lára wọn. Kí Brood War tó parí, Kerrigan ti tan gbogbo ẹni tó gbà á gbọ́, òun ló sì ṣẹ́gun gbogbo wọn. Ọ̀pọ̀ onígéèmù kò tíì bá irú ìparí bẹ́ẹ̀ pàdé nínú géèmù ogun nígbà náà, ó sì wọ̀ wọ́n lára. Àwọn kan nínú wọn bínú gidi nígbà tí StarCraft II sọ ìtàn kan náà di ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti àsọtẹ́lẹ̀, tí wọ́n fẹ́ wẹ Kerrigan mọ́. Ìbínú wọn tọ́, nítorí ohun tó jẹ́ kí ìtàn ìṣáájú wúwo ni pé ẹni tó ṣẹ̀ jẹ èrè rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wá tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìdarí ló gba àlàyé jù. Ọmọ ogun méjìlá péré ni ènìyàn lè mú lẹ́ẹ̀kan náà nínú StarCraft. Ẹni tó ní Zergling 48 gbọ́dọ̀ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin, kó fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kíbọ́ọ̀dù, kó sì máa pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí ogun bá ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní ilé mẹ́jọ tó ń dá ọmọ ogun sílẹ̀, yóò ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́jọ, nígbàkúùgbà tó bá fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tuntun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kì í wá iṣẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Yóò dúró gbagidi lẹ́nu ọ̀nà títí wọn yóò fi rán an sídìí òkúta. Gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀tá ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó fi í ṣiṣẹ́ ṣe máa ń tẹ máòsì àti kíbọ́ọ̀dù ju ìgbà 300 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ìṣòro kan tún wà tó yàtọ̀ sí èyí, òun sì ni àìgbọràn àwọn ọmọ ogun. Dragoon, ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí Protoss ní, lókìkí fún un. Bí Dragoon mẹ́wàá bá fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró kan sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, méjì á dínà mọ́ ara wọn, ọ̀kan á yí padà sẹ́yìn, òmíràn á kàn máa mì sọ́tùn-ún sósì lójú kan nígbà tí ìbọn ọ̀tá ń bà á. Patrick Wyatt, ọ̀kan lára àwọn tó kọ géèmù náà, ṣàlàyé orísun rẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Orí ìpìlẹ̀ Warcraft, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ onígun mẹ́rin, ni wọ́n kọ́ StarCraft lé, lẹ́yìn náà ni wọ́n ya àwòrán tó dagun lé e lórí. Ìlà ilẹ̀ tí ojú ń rí àti èyí tí kọ̀ǹpútà ń kà kò wá bára mu dáadáa mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wa òkúta náà ì bá máa kọ lu ara wọn títí iṣẹ́ yóò fi dúró, ni wọ́n bá gbà wọ́n láyè láti gba inú ara wọn kọjá bí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe títí di òní.

Àwọn tó ń ráhùn sọ pé ọmọ ogun tí kò gbọ́ràn kì í ṣe ọgbọ́n ogun, wàhálà ni. Ẹni tó ní èrò tó dára jù yẹ kó borí, kì í ṣe ẹni tí ìka rẹ̀ yá jù. Wọ́n tún fi ti orí òkè kún un: ọmọ ogun tó bá ń ta láti ìsàlẹ̀ sókè máa ń tàsé bí ìgbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì, oríire lásán ló sì ń pín in. Àwọn tó dáhùn sọ pé èrò kò wọ́n. Gbogbo ènìyàn ló mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe, agbára àtiṣe é láàárín ìdàrúdàpọ̀ ló wọ́n. Bí àyè kò bá gba ènìyàn láti ṣe ohun gbogbo, ó gbọ́dọ̀ yàn: ṣé kí òun dúró ti ogun ni, àbí kí òun padà sílé lọ rán òṣìṣẹ́? Yíyàn yẹn, wọ́n ní, ni ọgbọ́n ogun. Láàárín ọdún 2007 tí wọ́n kéde StarCraft II àti 2010 tó jáde, àríyànjiyàn yìí gbóná débi pé àwọn ọ̀jáfáfá kan ń bẹ Blizzard pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ilé púpọ̀ ṣeé mú lẹ́ẹ̀kan. Blizzard kò gbọ́. Nínú StarCraft II, ènìyàn lè mú gbogbo ogun rẹ̀ pọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lọ síbi iṣẹ́ fúnra wọn.

Ẹjọ́ méjì ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀, ó sì yẹ kí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀. Òté pé ọmọ ogun méjìlá péré ni ènìyàn lè mú lẹ́ẹ̀kan jẹ́ òfin. Ó hàn sí gbogbo ènìyàn, ó mú ẹni méjèèjì bákan náà, ẹni tó bá kọ́ ọ yóò jèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá mú un kúrò, géèmù mìíràn ni yóò dà, ó lè dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun mọ́. Dragoon tó ń mì lójú kan kì í ṣe òfin rárá, àbùkù iṣẹ́ ọwọ́ ni, àwọn tó ń yìn ín ń yin àpá tí ọgbẹ́ fi sílẹ̀. Ohun tí ó yẹ fún ìyìn ni sùúrù ẹni tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí Dragoon ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan títí tí wọ́n fi gbọ́ràn sí i.

Àbùkù mìíràn wà tó di ọrọ̀. Mutalisk jẹ́ ọmọ ogun Zerg tó ń fò, wọ́n sì máa ń tú ká lójú ọ̀run. Àwọn onígéèmù ṣàwárí pé bí wọ́n bá mú Mutalisk mọ́kànlá pọ̀ mọ́ ọmọ ogun kan tó wà lọ́nà jíjìn, gbogbo Mutalisk náà á rọ́ jọ sójú kan ṣoṣo bí ẹni pé ẹyọ kan ni wọ́n. Wọ́n á wá fò wọlé, wọ́n á ta lẹ́ẹ̀kan, òṣìṣẹ́ kan á kú, wọ́n á sì ti fò jáde kí ìbọn ọ̀tá tó yí sí wọn. Kò sí ẹni tó pète rẹ̀. Àwọn kan pè é ní màgòmágó, àwọn ìdíje ńlá gbà á láyè, nígbà tó sì yá, ogun láàárín Zerg àti Terran kò ṣeé rò láìsí i.

Ẹjọ́ tó le jù nípa ohun tó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ wáyé ní Kòríà Gúúsù ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, nínú ìdíje EVER OSL. Lim Yo-hwan, tí orúkọ rẹ̀ nínú géèmù ń jẹ́ BoxeR, àti Hong Jin-ho, tí ń jẹ́ YellOw, ló pàdé nínú ìpele tó ṣáájú àṣekágbá. Ọ̀rẹ́ àti orogún àtijọ́ ni wọ́n. Àwọn ènìyàn ti ń retí ogun ńlá. Lim kó òṣìṣẹ́ àti Marine díẹ̀ jáde kíákíá, ó lọ kọ́ ilé ìbọn sẹ́nu ọ̀nà Hong kí tọ̀hún tó múra, ó sì pa á. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ìdíje sì parí kí àwọn kan tó jókòó dáadáa. Inú bí àwọn òǹwòran gan-an. Wọ́n ní ó já àwọn kulẹ̀, ó sì tàbùkù eré náà. Àwọn mìíràn béèrè pé òfin wo ló rú. Ìbéèrè yẹn kò ní èsì títí di òní, nítorí kò sí òfin tó rú: ẹni tó ti jẹ irú ìyà bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí kò múra sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ọwọ́ ara rẹ̀ ló wà. Lim bá Choi Yeon-sung, ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà, pàdé nínú àṣekágbá, Choi sì ṣẹ́gun rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ọ̀rọ̀ ìdíje kàn. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ta StarCraft kò mọ̀ nípa Mutalisk tó rọ́ jọ. Máàpù olówó ni wọ́n fẹ́ràn, níbi tí òkúta ti pọ̀ débi pé kò lè tán, tí kálukú á kọ́ ilé rẹ̀ títí yóò fi kún, tí wọ́n á sì fi ọkọ̀ ogun ńláńlá pàdé. Àwọn ọ̀jáfáfá ń fojú tín-ín-rín wọn, kò sì yẹ bẹ́ẹ̀. Irinṣẹ́ ìyàmáàpù tí Blizzard fi sínú géèmù náà tún bí ohun tó ju ìyẹn lọ. Àwọn ènìyàn fi ya géèmù tuntun sínú géèmù, títí kan Aeon of Strife, èyí tí DotA àti gbogbo ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Kòríà Gúúsù ni ilé StarCraft, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé ibẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ lọ́dún 1997, ọ̀pọ̀ ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣí ilé kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PC bang, ìjọba sì ń na wáyà íntánẹ́ẹ̀tì tó yára káàkiri. Owó kékeré ni ọ̀dọ́ fi ń jókòó níbẹ̀ fún wákàtí gbọọrọ, StarCraft sì ni wọ́n ń ta. Nígbà tó di ọdún 2000, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó eré náà, KeSPA, ti wà, ìkànnì tẹlifíṣọ̀n OGN náà ti ń gbé ìdíje sáfẹ́fẹ́. Ọmọ Kánádà kan, Guillaume Patry, sì gba ife lọ́dún náà. Ní 2004, àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ wáyé létí òkun Gwangalli ní Busan, àwọn oníròyìn sì kọ ọ́ pé èrò tó tó 100,000 ló wá wò ó. Iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú ibẹ̀ pàápàá dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 2007. Owó wá mú ohun tí owó máa ń mú wá: lọ́dún 2010, àṣírí tú pé àwọn kan nínú àwọn ọ̀jáfáfá ń gba owó láti fìdí rẹmi, wọ́n sì lé wọn kúrò nínú eré náà títí láé. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ rẹ̀ ka ọdún yẹn sí ọdún ọ̀fọ̀.

Ọdún kan náà ni StarCraft II jáde, ní ọjọ́ 27 oṣù Keje. Lára gbogbo ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ọ̀kan wà tó wúwo ju àwọn yòókù lọ. Nínú StarCraft àkọ́kọ́, ènìyàn lè so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ ara wọn nínú yàrá kan, kí ẹni mẹ́jọ sì jagun láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kankan. Blizzard tilẹ̀ fàyè gba ẹni tó ní síídì kan láti fi ẹ̀dà kékeré sórí kọ̀ǹpútà àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí wọ́n lè jọ ta á. Lọ́dún 2009, iléeṣẹ́ náà kéde pé kò ní sí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èkejì: gbogbo ìjà gbọ́dọ̀ gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, Battle.net, kọjá. Ìdí tí wọ́n fi lélẹ̀ ni olè jíjí àti ìtọ́jú tó péye. Ọ̀pọ̀ onígéèmù fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tako ìpinnu náà, pàbó ló já sí.

Ní agbègbè bíi Ìyànà Iyesi ní Ọ̀tà, ẹ̀sùn yìí ni ó yẹ kí ó wúwo jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ nípa géèmù náà. Ojú ọ̀nà Ìdírókò ni ibẹ̀ wà, fásitì Covenant, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002, kò sì jìnnà. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà kò wọ́n níbẹ̀. Ohun tó wọ́n ni iná tí kì í ṣẹ́jú àti dátà tí kì í tán. Nígbà tí káfè gbòde ní ilẹ̀ wa lẹ́yìn ọdún 2000, àkókò ni wọ́n ń tà, wákàtí kọ̀ọ̀kan níye tirẹ̀. Ẹni tó bá sanwó á fi ka ímeèlì tàbí kó fi wo èsì ìdánwò JAMB. Ilé géèmù náà wà, ṣùgbọ́n PlayStation àti bọ́ọ̀lù ló ń jọba níbẹ̀, nítorí ìdíje bọ́ọ̀lù kan kò gba àkókò, ó sì rọrùn láti gba owó rẹ̀ ní ìkọ̀ọ̀kan. Géèmù tí ìjà kan ṣoṣo lè gba ogójì ìṣẹ́jú, tí ènìyàn sì gbọ́dọ̀ fi oṣù púpọ̀ kọ́, kò bá irú òwò bẹ́ẹ̀ mu, pàápàá bí epo jẹnẹrétọ̀ bá ń jó.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá wo ohun tí StarCraft àkọ́kọ́ ń béèrè, òun gan-an ló bá irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ mu. Pentium 90 àti RAM 16 MB ló tó fún un nígbà tó jáde. Kò sí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà lónìí tí kò ní ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Láptọ́ọ̀pù méjì tí bátìrì wọn kún àti wáyà kan ti tó fún ìdíje, yálà iná wà tàbí kò sí, yálà dátà wà tàbí kò sí. Ẹni tó bá ń gbé ní Seoul lè ka àìsí ìsopọ̀ yàrá sí ìnira kékeré. Ní Ọ̀tà, bí géèmù bá ti ní àfi kí íntánẹ́ẹ̀tì wà kí ọ̀rẹ́ méjì tó jókòó lórí àga kan náà lè bá ara wọn jà, ó ti lé wọn dànù. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń ṣe géèmù kì í sábà ro irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ mọ́ iye wọn, ìwà tí kò dára sì ni.

Ní Kòríà, ìdíje ńlá StarCraft àkọ́kọ́ kúrò lórí OGN lọ́dún 2012, nígbà tí KeSPA kó àwọn ẹgbẹ́ lọ sórí StarCraft II. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀jáfáfá àtijọ́ kò tẹ̀lé e pẹ́. Wọ́n padà sórí ti àtijọ́, wọ́n ń ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò, débi pé ìdíje tuntun, ASL, bẹ̀rẹ̀ fún un lọ́dún 2016. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, Blizzard sọ ti àtijọ́ di ọ̀fẹ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà ni StarCraft: Remastered jáde, tí wọ́n tún àwòrán àti ohùn rẹ̀ ṣe fún owó. Bọ́tìnnì kan, F5, ló ń yí àwòrán tuntun padà sí ti àtijọ́ láàárín ogun. Lórí èyí náà, èrò kò ṣọ̀kan. Àwọn kan ní àwòrán tuntun ń ṣú àwọn lójú, ti àtijọ́ ni wọ́n sì fi ń ta á. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń béèrè ìdí tí wọn kò fi mú òté méjìlá kúrò níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti lè fọwọ́ kan an. Blizzard kò fọwọ́ kan òté náà tàbí àìgbọràn Dragoon, ẹ̀bẹ̀ àwọn ọ̀jáfáfá ni wọ́n sì tẹ̀lé lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn tó sanwó àti àwọn tó ń ta ti ọ̀fẹ́ lè bá ara wọn jà nínú ogun kan náà.